Ọjọ́ Tí Mo Fi Síídì Ọ̀fẹ́ Sínú Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Mi

Mo ń nu eruku lára kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ nígbà tí olùkọ́ kan, oníbàárà wa, mú síídì kan wọlé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní òpópónà Adéníji Adélé. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, èmi ni mo sì ń fi í tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn.

Ẹ̀rù ń ba ọ̀gá mi lásìkò náà. Àdàkọ ni ètò tí kọ̀ǹpútà wa fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ kiri Ìsàlẹ̀ Èkó pé àwọn kan ń bọ̀ wá gbẹ́sẹ̀ lé kọ̀ǹpútà ẹni tó bá ń lo àdàkọ. Ojúlówó rẹ̀ ò ṣeé rà fún irú wa. Olùkọ́ yìí ló ní irú mìíràn wà nínú síídì òun, tí àwọn tó ṣe é yọ̀ǹda fún gbogbo ayé: ẹni tó bá wù lè dà á kọ, kó tún un ṣe, kò sí ẹjọ́.

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀, tísà?" lọ̀gá mi wí. "L'Ékòó níbí? Omi gan-an, rírà la ń rà á."

Síbẹ̀, ọ̀gá mi gbà. Àwọn méjèèjì jáde lọ kírun. Olùkọ́ ní kí n dúró de òun ká jọ ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi tí mo yege nínú Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé mẹ́wàá, ta ni màá dúró dè? Mo fi síídì sí i. Gbogbo ohun tó bi mí ni mo dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí. Ó bi mí bóyá kó lo gbogbo àyè inú kọ̀ǹpútà. Mo rò pé èyí tó ṣófo ló ń wí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo iṣẹ́ wa rẹ́. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, kò dúró. Mo káwọ́ lérí, mò ń wò ó.

Káàdì ìgbéyàwó ṣeé tún tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà níbẹ̀ tí baba àgbà kan ní àdúgbò fi ọ̀sán méjì gbáko pè fún mi láti orí wọn: orúkọ gbogbo òkú agboolé wọn, tí àwọn àfáà máa ń dá lọ́dọọdún níbi àdúà, kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá fi orúkọ òkú tuntun kún un. Èyí tí mo bá tẹ̀ jáde, wọn kì í tọ́jú rẹ̀; ọkàn wọn balẹ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ wa.

Olùkọ́ dé, ó wò ó, ó mirí. Ọ̀gá mi ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Síídì náà ò lẹ́bi. Ọdún púpọ̀ la fi lò ó, òun ló jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wa dúró. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi ni mo kánjú. Títí dòní, bí kọ̀ǹpútà bá bi mí ní ìbéèrè, ìka mi á kọ́kọ́ dúró ná.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó baba àgbà yẹn wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí baba jọ̀ọ́ tún un pè fún mi, kódà kó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ kan. Màmá tú bébà kékeré kan ní etí ìró wọn.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "orúkọ baba ni mo mú wá pé kí o fi kún un."