Ìṣù Ewúro Nínú Fírísà

Tẹ̀tẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ọgbà ni mò ń fi omi gbígbóná bọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Omi gbọ́dọ̀ hó dáadáa kí ewé tó wọ inú rẹ̀, ewé ọ̀hún ò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá ti rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀ sí i, kíá ni à ń fi asẹ́ kó o bọ́ sínú omi yìnyín kí ooru má baà sọ ọ́ di rádaràda. Lẹ́yìn náà ni à ń fún un. Bí omi bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀, yìnyín ni yóò dì mọ́ ọn nínú fírísà, tí a bá wá gbé e jáde ní oṣù Kìíní, yóò ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìwé tó bọ́ sómi.

Ikú ọkọ mi ò tíì pé oṣù méjì nígbà náà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún mi pé kò yẹ kí opó máa já ẹ̀fọ́ káàkiri ẹ̀yìnkùlé, kí n jókòó kí àwọn èèyàn lè máa wá kí mi. Mo jókòó. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ ò mọ̀ pé ẹnì kankan kú. Ó ti ń so, òtútù àárọ̀ sì ti ń le ní ìhà Valence tí à ń gbé nílùú òyìnbó. Bí ìrì dídì bá bọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo rẹ̀ ló máa dúdú tí yóò sì wó lulẹ̀. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo gé e.

Ọkọ mi ló máa ń gbìn, èmi ni mo máa ń tọ́jú rẹ̀ de ìgbà òtútù. Bó bá ti dé láti River Road, níbi tó ti ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan, kì í jókòó rárá, ọgbà ló máa ń gbà lọ. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọ wà níbẹ̀, ata àti tòmátì wà níbẹ̀, àti ewúro tó gbìn sínú àwọn ike ńlá kó lè máa rí wọn gbé wọlé tí òtútù bá dé. Tèmi ni gbogbo iṣẹ́ ìdáná, àfi ti ewúro. Ọwọ́ tó lágbára ni ewúro ń fẹ́. Òun ló máa ń fi iyọ̀ gbo ó, tí yóò fọ̀ ọ́ títí ìfófòó rẹ̀ á fi dáwọ́ dúró, tí yóò wá fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí èmi bá fún ẹ̀fọ́ di ìṣù, ó máa ń rí róbótó, ó sì máa ń dán. Tirẹ̀ máa ń gùn, ibi tí ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tẹ̀ ẹ́ á sì hàn lára rẹ̀, tí ojú àtàńpàkò á wà lódìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń dì. Oṣù Keje ló fún èyí tó kẹ́yìn. Inú náílọ́nù kan ni gbogbo rẹ̀ wà, nísàlẹ̀ fírísà pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n yìí ń gbé ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Village, Àǹtí ni mo máa ń pè é. Àbúrò kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà Bùrọ̀dá lòun náà, mi ò sì gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ mi. Wọ́n gbé ọkọ̀ fáànù wá. Àǹtí jókòó sídìí tábìlì, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó ní àwọn wá kó ẹrù àbúrò òun tó kú ni.

Ẹrù náà ò pọ̀. Káńsù ló ni ilé, ilé iṣẹ́ ló ni mọ́tò tó ń wà. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò. Bùrọ̀dá wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan, ó yíjú sí dígí, ó bi mí bóyá ó wọ òun. Mo ní ó wọ̀ wọ́n. Òótọ́ ni, apá rẹ̀ nìkan ló gùn díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí wo ìkòkò tó wà lórí iná. Ó béèrè ohun tí mò ń sè, mo sì ṣàlàyé fún un. Ó béèrè ibi tí èyí tí mo ti ṣe tán wà. Mo ní ó wà nínú fírísà, nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé. Ó dìde.

Bùrọ̀dá ló ṣí fírísà. Ó súfèé. "Ìyàwó, ṣé ogun ń bọ̀ ni?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àǹtí wá ní kí wọ́n gbé àpò wá kí àwọn pín in. Mo sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, mo ní oúnjẹ ni. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló gbìn ín. Mo ní ọkọ mi ni.

"Òun ló gbìn ín, tiwa sì lòun. Ìwọ kàn bọ̀ ọ́ ni."

Kò bínú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó fi kún un pé ká ní ọmọ wà nínú ilé ni, àwọn ò ní fọwọ́ kan fírísà yẹn, ọmọ làwọn ì bá fi sílẹ̀ fún. Fóònù ni Bùrọ̀dá ń wò.

Bí ẹ̀fọ́ bá ti dì, gbogbo rẹ̀ jọra wọn lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n máa yọ ọ́. Mo dúró sẹ́nu fírísà: tẹ̀tẹ̀ rèé, ṣọkọ rèé, ata àti tòmátì tí mo lọ̀ tí mo sì sè gbẹ rèé. Àǹtí ń sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ó bi mí bóyá kí òun jẹ́ kó yọ́ kó tó wọ ọbẹ̀. Mo ní rárá, kí wọ́n sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó bó ṣe wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi ni yóò dà. Ó dúpẹ́.

Nígbà tó ku ewúro, mo dúró. Àǹtí béèrè ohun tó kù, mo sọ fún un. Ó ní kí n mú un wá. Mi ò nawọ́ mú un. Ó tún sọ ọ́.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ máa kó gbogbo èyí tó kù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀."

Kò yé wọn. Mo mú ìṣù kan jáde, mo nu yìnyín ara rẹ̀ kúrò, mo fi ojú ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn wọ́n, mo fi ojú àtàńpàkò hàn wọ́n. Bùrọ̀dá gbà á. Ó ki ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kò sì kún ibẹ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó dá a padà sí mi lọ́wọ́, ó ní kí Àǹtí jẹ́ kí n mú un.

Àǹtí gbà á lọ́wọ́ mi. Ó dì í mú pẹ́, omi yìnyín sì ń kán sára kóòtù rẹ̀. Mo rò pé yóò dá a padà. Ó dá a padà sínú náílọ́nù, ó so ó, kò sì kó o mọ́ ìyókù. Inú àpamọ́wọ́ rẹ̀ ló fi sí.

"Ọwọ́ ọmọ ìyá mi nìyẹn. Mo ti ń dì í mú kí o tó mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo padà sídìí ìkòkò. Tẹ̀tẹ̀ ti jinná kọjá ààlà, mo dà á nù. Fírísà ti ṣófo, ṣùgbọ́n mi ò pa á.

Ohun kan ló ń tù mí nínú: ó dì í mú bí ẹni tí kò ní jẹ ẹ́. Mo sọ fún ara mi pé fírísà ni fírísà, ìbáà jẹ́ ní Village, pé ojú ìka náà ò ní parẹ́ bí iná mànàmáná ò bá ti lọ, pé lọ́jọ́ kan màá lè ní kó jẹ́ kí n rí i. Bí mo bá pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n mi kì í béèrè.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ló pè mí. Ó ní òun gba àlejò, òun se ọbẹ̀, ewúro yẹn lòun lò. Mo bi í bóyá gbogbo rẹ̀ ni. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni, mélòó ló wà nínú náílọ́nù ọ̀hún. Ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

"Ṣùgbọ́n ó ṣì korò, ìyàwó. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí o fọ̀ ọ́ dáadáa."