Àmì Èémí Tí Kọ̀ǹpútà Nù Dànù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Oníyínkì fi ń da ìwé orin kọ fún ẹgbẹ́ akọrin, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ ò ju ojú ìwé kan lọ. Ìlà márùn-ún, àmì orin lórí ìlà, ìka méjì dúdú tí ọṣẹ ò ràn mọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ojú ló fi mọ̀ ọ́n. Òun ló sì kọ́ ọ̀gá akọrin tó ń pàṣẹ fún un lónìí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Àyà rẹ̀ ò dáa. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá wá kọrin, kí ló kù fún un? Ni Bàbá Oníyínkì bá dá ọgbọ́n. Ó ń fi pẹ́ńsù sàmì kóńkó sórí orin: ibí ni ìyàwó mi ti máa mí, ibí ni ẹni tó dúró tì í ti máa di ohùn náà mú dè é. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níta pé èémí ò tó ẹnì kan.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá akọrin gbé kọ̀ǹpútà dé.

"Bàbá, ètò tuntun tó ń bá èèyàn da ìwé orin kọ ló wà nínú èyí. Ẹ ya fọ́tò ìwé yín, á kà á, á tún un tẹ̀, á nu ìdọ̀tí ara rẹ̀. Á tiẹ̀ kọ orin náà sí yín létí."

"Ṣé á máa bá mi jẹun náà?"

"Ẹ kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ yín ò lọ."

Iṣẹ́ ò lọ! Wọ́n ní kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ sàréè ara ẹ̀, wọ́n tún ní iṣẹ́ ò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ń ṣí ìwé lábẹ́ kámẹ́rà. Bó bá ti parí ọ̀kan, wọ́n á kó ìwé ọ̀hún lọ dáná sun.

Àmọ́ ká sòótọ́, nígbà tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ kọ orin rẹ̀, omi bọ́ lójú ẹ̀. Ojú ọ̀hún ti ń ṣe bàìbàì tẹ́lẹ̀. Ó fara ti àga, ó dijú, ó ń gbọ́. Ohùn kan ò yẹ̀. Ojú ìwé tó bá ti dún bó ṣe yẹ, á fọwọ́ sí i: Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Èémí kì í dún nínú kọ̀ǹpútà. Ìdọ̀tí ni ẹ̀rọ pe àmì pẹ́ńsù, ó sì nù ún dànù.

Wọ́n pín ìwé tuntun lọ́jọ́ ìdánrawò, orin tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ìlà gígùn, gbogbo obìnrin mí pa pọ̀. Orin já. Ikọ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń dún, kò sì dáwọ́ dúró.

"Ìyá, ẹ lọ sinmi," ni ọ̀gá akọrin wí. "Ẹ má wulẹ̀ padà wá mọ́."

"Àmì èémí wà níbẹ̀," Bàbá Oníyínkì sọ. "Ẹ̀rọ rẹ ló pa á rẹ́."

Ọ̀gá fìka kan ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò wà. "Bàbá, ọwọ́ ta nìyí?"

Nílé, ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri.

"Bàbá wọn, mo wá àmì yẹn títí. Mo ní bóyá ẹ ti gbàgbé mi ni."

Bàbá Oníyínkì jókòó tì í, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dijú.