Pátákó Tí Màámi Kò Fọwọ́ Kàn

Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, òun àti òórùn gọ́ọ̀mù. Ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ilé ìwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí tíṣà ìṣirò wa tó sọ ọ́ di ilé àfihàn ìṣirò. Ṣé o rántí bí a ṣe ń sá fún ìṣirò nígbà yẹn bí ẹni ń sá fún pàṣán? Tíṣà wa ní ọwọ́ ni ká kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n kó tó dé orí. Wọ́n gé igbá sí mẹ́rin ká lè di ìdá mẹ́rin mú, wọ́n so okùn mọ́ ìṣó ká fi ya nǹkan róbótó. Gbogbo Sátidé ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: Ẹ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Fọ́ọ̀mù kẹrin ni mo wà, mo sì wà lára àwọn tí wọ́n yàn láti máa mú àlejò yíká. Pátákó ńlá kan wà láàárín yàrá tí a ní láti fi pákó kéékèèké dí láìsí àlàfo kankan. Ó ti lé ní oṣù kan, kò sẹ́ni tó rí i ṣe.

Mi ò sọ fún màámi pé kí wọ́n wá. Ìbẹfun ni wọ́n ń gbé, ẹní ni wọ́n ń hun, èmi sì ń gbé inú ọgbà ilé ìwé. Àṣé wọ́n ti kéde ilé àfihàn náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Sátidé kan, mo gbójú sókè, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn méjèèjì dúdú dé ọrùn ọwọ́ nítorí aró tí wọ́n fi ń pa koríko ẹní. Ọ̀rẹ́ mi sọ sí mi létí pé, “Wo ọwọ́ ìyá yìí, bí ẹni tó bá ìkòkò aró jìjàkadì.” Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò ní parọ́ fún ọ, mo rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Orúnkún mi tiẹ̀ ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, mo fi ipá nà án. Mo kí wọn káàbọ̀ lórí ìdúró, bí mo ṣe ń kí gbogbo àlejò. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n kọjá lọ sídìí pátákó náà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rí i tí ìka wọn ń rìn lára ìró wọn bí ìgbà tí wọ́n ń hun ẹní: méjì dúró, ẹyọ kan dùbúlẹ̀, kí ìlà kejì sún síwájú. Wọ́n wá nawọ́ sí pákó.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án, màmá,” ni mo wí. “Aró yóò ba á jẹ́.”

Wọ́n fa ọwọ́ padà, wọ́n kó o sábẹ́ ìborùn. “Ẹ má bínú, àǹtí.” Ìyá tó bí mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Wọ́n sì jáde.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo to pákó náà bí ìka wọn ṣe rìn. Ó dí pátápátá. Tíṣà wa pàtẹ́wọ́, wọ́n pe àwọn tíṣà yòókù wá wò ó, wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní èmi ni mo ronú sí i.

Odindi ọdún márùn-ún, a kò mẹ́nu bà á. Ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí màámi wá ń bá mi wẹ ọmọ, ni mo tó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ tí mo pa. Wọn ò dáwọ́ omi tí wọ́n ń bù sí ọmọ lẹ́yìn dúró.

“Ó wá dí àbí kò dí?”

“Ó dí, màámi.”

“Mo mọ̀ pé yóò dí.”

Mo wá bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi pè mí ní àǹtí lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé wọ́n fi bá mi wí ni.

“O ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ,” ni wọ́n wí. “Ṣé kí n wá tú ọ fó lójú ẹgbẹ́ rẹ ni?”

Àwọn ènìyàn rò pé tí ẹni tí a ṣẹ̀ bá ti dárí jì wá, ọkàn wa yóò fúyẹ́. Tèmi wúwo sí i lọ́jọ́ náà. Ká ní wọ́n bínú ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ń sẹ́ wọn gan-an ni wọ́n ti ń bò mí láṣìírí.