Ọ̀rọ̀ Tíṣà Ò Tíì Tán

Ẹ má wulẹ̀ bi Káfíńtà bóyá ó fẹ́ràn èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yóò kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń wo pákó tó ti wọ́, kó tó sọ pé òun ò bá Gẹ̀ẹ́sì jà, ẹni tó fi kọ́ òun lòun bá jà. Bàbá tó bí i lọ́mọ nìyẹn, ẹni tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Tíṣà. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì, nínú kíláàsì kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í padé, àwọn ọ̀rọ̀ ìrètí ló sì yàn láàyò.

Kì í nu apá òsì pátákó ìkọ̀wé rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Tíṣà ní "wish" jókòó, ó káwọ́ gbera. "Hope" ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. "Expect" ní tirẹ̀ ti gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà de àlejò. "Fingers crossed" nìkan ni kò rí ojúure rẹ̀. Àwọn tó ni èdè náà a máa fi ìka kan kọ́ èkejì bí wọ́n bá ń retí ohun rere. Tíṣà a ní ẹni tó fi ìka kọ́ ìka, ọwọ́ wo ni yóò fi ṣiṣẹ́?

Èyí tó wá jẹ́ ààyò nínú ààyò ni "not yet", ìyẹn kò tíì. Òfin kíláàsì rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ní òun ò lè ṣe nǹkan, yóò dìde dúró, kò sì ní jókòó títí yóò fi sọ pé òun ò tíì lè ṣe é ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Káfíńtà nígbà tó sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ò lè ka ojú ìwé kan. Ó dìde. Ẹ sì rántí pé ilé kan náà ni òun àti Tíṣà ti gbé orí kunkun wá: kò sọ ọ́. Ó dúró títí wọ́n fi lu agogo ìjáde. Àtọjọ́ náà ló ti kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó fi ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Àga tó kọ́kọ́ kàn, bàbá rẹ̀ ló gbé e fún. Ẹsẹ̀ kan kúrú díẹ̀. Tíṣà jókòó, àga ń mì, ó ní, "Not yet." Ọdún kan gbáko ni ọmọ rẹ̀ ò fi bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, Káfíńtà ní kí òun tún ẹsẹ̀ àga ṣe, Tíṣà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àga òun nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ibi tí Tíṣà ti ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé e ṣubú. Apá ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀. Ọsẹ̀ mẹ́wàá ló lò nílé ìwòsàn. Obìnrin tó ń kọ́ irú wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ, ẹni tí àwọn aláìsàn ń pè ní Àǹtí Ẹ-Sọ-Ọ́, a máa fi àwòrán hàn án: ife omi, ibùsùn, ilé ìgbẹ́. Ṣe ni Tíṣà ń kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ Ajé kan ni dókítà wá pe Káfíńtà sí ọ́fíìsì.

"Àǹtí Káfíńtà, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Ọ̀rọ̀ ò lè jáde lẹ́nu bàbá mọ́. Bí n ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹ máa gbé wọn lọ sílé, ìtọ́jú parí nìyẹn. Àwọn mìíràn ń dúró de bẹ́ẹ̀dì."

"Dókítà, ẹ̀yin lẹ ni bẹ́ẹ̀dì," ni Káfíńtà wí. "Ẹ ò ni ẹnu bàbá mi."

Inú ń bí i dé ṣọ́ọ̀bù. Bàbá tó jẹ́ pé nígbà tí ara rẹ̀ le, fúnra rẹ̀ ló ń bu omi mu, ṣé ife omi ni yóò wá la ẹnu rẹ̀? Ó rẹ́ pákó pẹlẹbẹ mẹ́rin, ó fi sáńpépà ha wọ́n, ó sì fi pẹ́ńsùlù iṣẹ́ rẹ̀ kọ àwọn ọ̀rọ̀ apá òsì pátákó sí wọn lára. "Not yet" nìkan ni kò kọ. Ó lóun ò rí ìdí tóun fi máa kọ ìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó kó pákó, ó tún gbé àga tó ń mì lọ́wọ́, torí kò sí ìjókòó nínú yàrá náà.

Nígbà tó fi "fingers crossed" han Tíṣà, ọwọ́ òsì bàbá gbá pákó náà, ó já bọ́ sílẹ̀. Káfíńtà he é, ó tún nà án sí i. Tíṣà tún gbá a dànù. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Orí wọn pé pérépéré," ni Àǹtí Ẹ-Sọ-Ọ́ wí. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Ṣùgbọ́n ọjọ́rú kọjá, èémí nìkan ló ń jáde. Ọjọ́bọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹnu Tíṣà ń ṣiṣẹ́, itọ́ ń dà, kò sí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù wá ba Káfíńtà gidi. Ó kó àwọn pákó sínú àpò.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí. "N ò lè ṣe é mọ́."

Tíṣà ranjú mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀, ó na ìka kan, ó sì gbé ìka náà lọ sókè, bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Dìde.

Káfíńtà, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, dìde lórí àga rẹ̀. Ó dúró, bàbá ń wò ó. Ọ̀rọ̀ tí kò sọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde.

"Not yet, Bàbá," ló wí. "N ò tíì lè ṣe é."

Tíṣà sọ ọwọ́ kalẹ̀, pé kó jókòó. Lẹ́yìn náà ni ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Títí wọ́n fi lé àwọn àlejò jáde, kò sinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, dókítà wọlé tòun ti fáìlì. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. A ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Ṣé ká máa di ẹrù yín?"

Ọrùn Tíṣà le, ojú rẹ̀ pọ́n. Àǹtí Ẹ-Sọ-Ọ́ gan-an ò lè sọ pé kó sọ ọ́.

"Not," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ ha bí ayùn. Ó mí. "Yet."

Káfíńtà ò sunkún. Ó ti àga sí ẹ̀yìn dókítà.

"Ẹ jókòó, dókítà. Kíláàsì wọn kì í tètè parí."

Dókítà jókòó, ó ṣí fáìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Àga náà ń mì lábẹ́ rẹ̀.

"Ta ló kan àga yìí?" ló bi wọ́n.

"Èmi ni," ni Káfíńtà wí. "Mi ò tíì parí ẹ̀ ni."