Iṣẹ́ Tí Kò Sọ́wọ́ Èèyàn Níbẹ̀

Kọ̀ǹpútà kékeré mẹ́fà ni Sàhéèdì, ará ilé wa ní Ìbàfò, fi wáyà so pọ̀ sórí tábìlì pálọ̀ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dán wò fún àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ó ti kọ gbogbo àṣẹ sínú wọn: kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, kí wọ́n sì máa kọ iye àkókò tó gbà sílẹ̀. Ó wá ń fi yangàn fún gbogbo ilé: “Kò sọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀ o! Fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é!”

Àmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ségesège ni èsì ń jáde. Sàhéèdì gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní ó ń da nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun rú. Ó ní kí èmi náà pa tẹlifíṣọ̀n mi. Ó tún di ẹ̀bi ru àwọn èrò tó ń lọ jọ́sìn ní Káńpù, bẹ́ẹ̀ wáyà rẹ̀ ò kúrò lórí tábìlì! Inú bí mi, àmọ́ mo pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ifọ̀. Nígbà tó padà dé, èsì ọjọ́ náà gún régé.

“Nàfísàt, kí lo ṣe sí i?”

Ìyàwó rẹ̀ ò gbójú sókè níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. “Mi ò ṣe nǹkan kan, Bàbá Sàúdátù. Ẹ̀yin lẹ ò sí nílé. Ìṣẹ́jú méjì ò ní kọjá kẹ́ ẹ má tíì ní kó fi èsì hàn yín, wáyà kan náà tí ọ̀rọ̀ wọn ń gbà ni ìbéèrè yín sì ń gbà, ó ń dí wọn lọ́wọ́.”

Sàhéèdì rọra jókòó sídìí tábìlì, ó nawọ́ sí bọ́tìnì tó ń fi èsì hàn.

“Jẹ́ kí n wò ó, bóyá òótọ́ lo sọ.”