Yorùbá Tí Wọ́n Ní Kò Mọ́ Tó

Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì dé láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n fẹ́ lo sẹ̀mẹ́sítà kan ní Ìlọrin láti kọ́ Yorùbá. Àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin òyìnbó. Èkejì jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú lọ sí òkè òkun. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní gírámà ni wọ́n fi ṣe alábòójútó wọn.

Olùkọ́ yìí kì í ṣe òpè. Ó mọ ìwé gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọdún kìíní mi ló ti máa ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, bí mo bá sì gbàgbé ara mi, ohùn ilé á jáde. Á ní kí n tún un sọ, gbogbo kíláàsì á sì rẹ́rìn-ín. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, èmi ló yàn pé kí n máa bá obìnrin náà sọ Yorùbá ní wákàtí méjì lójúmọ́, torí pé máàkì mi dára, Tanke nítòsí yunifásítì ni mo sì ń gbé. Ó wá kìlọ̀ fún mi níwájú rẹ̀ pé, "Má fi ohùn oko ba ẹnu rẹ̀ jẹ́ o."

Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Kí ni ǹ bá tún sọ?

Ilé kan ní GRA ni ó fi àwọn àlejò náà sí. Ilé náà dára, omi ń yọ, jẹnẹrétọ̀ wà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó ń se oúnjẹ ń bá wọn sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó ń ṣọ́ géètì ń bá wọn sọ. Olùkọ́ fúnra rẹ̀, bó bá ti kọ́ wọn ní Yorùbá tán, Gẹ̀ẹ́sì ni á fi dágbére. Ẹ gbọ́ ná. Ènìyàn fò kọjá òkun nítorí èdè wa, a wá fi èdè yẹn pamọ́ fún un bíi pé ohun ìtìjú ni.

Ìgboro náà ò sàn jù. Lọ́jọ́ kan, èmi àti obìnrin náà, tó ti di ọ̀rẹ́ mi, lọ ra búrẹ́dì ní Tanke. Ó rọra to ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, èló ni búrẹ́dì yìí?" Obìnrin tó ń tà á pariwo pe àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ òyìnbó dúdú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Bí a ṣe ń lọ, mo rí i pé omi ti lé sójú ọ̀rẹ́ mi.

Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì wà nílé wa. Èmi ò wá nítorí ẹ̀."

Inú bí mi ju bó ṣe bí òun lọ, torí pé èmi ni mo ni àwọn ènìyàn náà.

Kò pé oṣù kan tí wọ́n dé ni àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti ilé-ìwé pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wábi gbà. Olùkọ́ wa lọ bá àwọn àlejò ní GRA, ó ní kí wọ́n jókòó ti ìwé gírámà òun, pé kí wọ́n tó padà sílé, òun á dán wọn wò fúnra òun. Ọkùnrin òyìnbó náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì jókòó ti ìwé. Èyí obìnrin wá bá mi nílé ní Tanke.

Ó ní, "Oṣù mẹ́ta ló kù. Kí ni kí n fi ṣe?"

Mo rò ó títí. Mo wá rántí ìyá àgbà kan tó ń mọ ìkòkò ní agboolé kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba, tí màmá mi máa ń ra àmù omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní in lọ́kàn láti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, mo mú ọ̀rẹ́ mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. Ó bi mí pé, "Ọmọ ta ni?"

Mo ní, "Amẹ́ríkà ló ti wá, Ìyá."

"Mi ò bi ọ́ ní ìlú tó ti wá. Ọmọ ta ni mo bi ọ́."

Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. "Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, mà. Bàbá mi ti kú."

Ìyá ní, "Ọlọ́hun á dárí jì í. Bọ́ bàtà ẹ, wá bá mi tẹ amọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni a máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Tanke lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀, bí wọ́n ṣe ń gún un, bí wọ́n ṣe ń yí ìkòkò ká tí wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, Ìyá á kàn tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe yẹ, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ọ̀rẹ́ mi ti ń bá àwọn ìyàwó ilé jiyàn lórí iye tó yẹ kí wọ́n ta àmù. Ó máa ń gbé rẹ́kọ́dà kékeré kan dání, ó sì ń gba ohùn Ìyá sí kásẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ kan wà tí a to ìkòkò sun, tí òjò dé lójijì. A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sán lábẹ́ koríko tí a fi ń sun wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́kún. Ìyá wo àpáàdì, ó gbọn ìrépé amọ̀ kúrò lára ìró rẹ̀, ó ní, "Dúníyàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká po òmíràn."

Olùkọ́ wa gbọ́ ibi tí à ń lọ, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Kò ní kí n jókòó. Ó ní, "Wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ síkàáwọ́ mi kó lè kàwé, o wá ń sọ ọ́ di amọ̀kòkò." Mo ní, "Ó ń gbọ́ Yorùbá báyìí, sà, ó sì ń sọ ọ́." Ó ní, "Yorùbá wo?"

Ọjọ́ ìdánwò wá pé. Ilé GRA náà ni a ti ṣe é, Olùkọ́ sì ní kí n wá máa tẹ rẹ́kọ́dà. Ó béèrè àlàáfíà wa lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàdúrà, ó sì ní kí ọkùnrin òyìnbó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ka ohun tó ti há sórí nípa ìwúlò ẹ̀kọ́. Kò ṣi ohùn kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í lẹ́yìn rẹ̀ bóyá ó ti jẹun, kò yé e.

Ó kan ọ̀rẹ́ mi. Ó sọ ìtàn ọjọ́ tí òjò ba ìkòkò jẹ́. Ó sọ bí ojú ọ̀run ṣe rí, ó sọ bí wákàtí kan péré ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò. Mo gbàgbé pé ìdánwò là ń ṣe. Ó wá dé ibi ọ̀rọ̀ Ìyá, ó ní, "Dúníyàn nìyẹn."

Olùkọ́ gbé bírò sókè. "Kí ni dúníyàn? Ṣé Yorùbá nìyẹn?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ayé ni."

"Tí o bá mọ̀ pé ayé ni, kí ló dé tí o ò sọ pé ayé? Lárúbáwá tí Gàm̀bàrí gbé wá ni o ń kó dà sílẹ̀ níbí. Yorùbá ojú ọjà. Kò mọ́." Ó fà á nílà pupa. Ó ní ọkùnrin ló gba ipò kìíní, pé obìnrin ò yege.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Àdúrà tí ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan, Lárúbáwá ni. Àlàáfíà tí ẹ bi wá lẹ́nu ọ̀nà, Lárúbáwá ni. Ta ló wá fà yín nílà?"

Ó kó ìwé rẹ̀ jọ. Ó ní, "A máa pàdé ní kíláàsì."

A sì pàdé. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, máàkì tó fún mi nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kéré jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe ní yunifásítì, ó sì fà mí sẹ́yìn nígbà tí mo jáde. Mo ti gbìyànjú láti má bínú sí i mọ́. Mo ṣì ń bínú.

Ọ̀rẹ́ mi padà sílé pẹ̀lú máàkì burúkú yẹn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà rẹ̀ dé, Yorùbá ni ó fi kọ ọ́. Ó ní òun kó kásẹ́ẹ̀tì Ìyá fún àwọn olùkọ́ òun, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì da máàkì ti Ìlọrin nù, wọ́n ní kí òun fi ọ̀rọ̀ ìkòkò kọ iṣẹ́ ìwádìí tí òun á fi jáde. Mo gbé lẹ́tà náà lọ ka fún Ìyá. Ó gbọ́ ojú ìwé kìíní dópin, ó ní, "Kò béèrè ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí ni?" Ó béèrè o, ojú ìwé kejì ló wà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, tí mo ti di olùkọ́ ní ilé-ìwé girama, wọ́n pe gbogbo àwa tí à ń kọ́ Yorùbá sí ìpàdé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA. Olùkọ́ àtijọ́ yìí ló wá bá wa sọ̀rọ̀. Ó ń sọ bí èdè wa ṣe ń tàn kálẹ̀ lágbàáyé, ó wá ní akẹ́kọ̀ọ́ òun kan wà ní Amẹ́ríkà tó ti ń kọ́ ọmọ wọn ní Yorùbá ní yunifásítì. Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ, níbí, ní Ìlọrin."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo dìde láàárín wọn.

Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́, sà. Ìyá kan tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn Ọjà-Ọba ló kọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ní kò yege."

Olùkọ́ tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó ṣí ojú ìwé tó kàn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo jókòó. Ẹni tó jókòó tì mí rọra sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.