Ọjọ́ Tí Mábojúwẹ̀yìn Wọ Ọjà Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnì kan wà ní ìlú wa tí tọmọdé tàgbà mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀ rí. Mábojúwẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe òrìṣà o. Kò ní ojúbọ, ẹnikẹ́ni kì í bọ ọ́, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń bọ Ògún sì jọ ń dárúkọ rẹ̀. Sísá ni Mábojúwẹ̀yìn. Mo ní sísá tí gbogbo ìlú máa ń sá nígbà tí ogun bá ṣẹ́ wọn, tí ẹnì kan kì í dúró de ẹnì kejì. Àwọn bàbá wa sọ ọ́ di ènìyàn, wọ́n fún un ní orúkọ, wọ́n sì fún un ní ara.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn arúgbó, tí mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ìlú wa, tí kò jìnnà sí Ìkọ̀lé, obìnrin ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ kì í yí, nítorí náà bí nǹkan bá já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè mọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń yọ̀, kò lè di ohunkóhun mú pẹ́. Ó sì máa ń ṣíwájú ogun wọ ìlú ni, kì í tẹ̀ lé e. Bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìrèlé sọ fún mi pé ọkùnrin ni, àti pé àkọ̀ idà tó ṣófo ló máa ń gbé kọ́ èjìká. Nígbà tí mo béèrè ní Ayébọ̀dé, ẹ̀rín ni ìyá arúgbó kan fi mí rín. Ó ní, "Àwa ò mọ̀ ọ́n níhìn-ín o. Ìlú tiyín ni ojo ti pọ̀ débi tí ẹ fi sọ ọ́ lórúkọ!" Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ohun tí ó jọ mí lójú jù ni bí a ṣe ń lo orúkọ náà. Ní ìlú wa, bí arúgbó kan bá ń ròyìn ogun Tápà tó kó wa láyé àtijọ́, kò ní sọ pé òun sá. Yóò ní, "Mábojúwẹ̀yìn gbé mi." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni tún bi í pé ta ni ó fi sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó kan ni, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa. Yèyé ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè é. Òwú ló máa ń ràn láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, òwú rẹ̀ sì ní àmì tirẹ̀: ó máa ń lọ́ ọ ju tàwọn yòókù lọ, ó le, ó sì máa ń ní kókó wẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé àtàǹpàkò rẹ̀ kan ti rọ. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ ogun lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní, "Mo sá." Lẹ́yìn náà yóò máa bá òwú rẹ̀ lọ.

Yèyé tún ní ìwà kan. Bí ọmọdé méjì bá fẹ́ lọ sí ọjà, yóò já òwú, yóò fi so ọrùn ọwọ́ èkíní mọ́ ti èkejì. Ojú máa ń tì wá gan-an, nítorí àwọn ẹgbẹ́ wa á máa ké tẹ̀ lé wa lójú ọ̀nà pé, "Ewúrẹ́ Yèyé! Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ogun àwọn òyìnbó ń lọ lọ́wọ́ lókè òkun. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la ọ̀nà mọ́tò dé ìtòsí ìlú wa, àpáta ńlá kan sì dí wọn lọ́nà. Ọ̀gá wọn, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ránṣẹ́ sí ààfin pé lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún àwọn yóò fi dánámáìtì fọ́ àpáta náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà. Akéde lu agogo yí ìlú ká. Ó ní ọ̀rúnní ni.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Ọ̀la ni ọ̀gá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa, òní gan-an ni a fi ń ṣe ọ̀kan: òní, ọ̀la, ọ̀túnla, títí dé ọ̀rúnní, tí í ṣe ìkarùn-ún. Ọjọ́ kan péré ló wà láàrin kíkà tiwa àti tirẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúnní tiwa pé, a so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, a sọ ìkòkò kalẹ̀ láti orí àjà, a jókòó sílé, à ń retí. Igbe àkùkọ nìkan la gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin ń fi akéde ṣe yẹ̀yẹ́: "Akéde, ṣé àpáta ló fọ́ ni, tàbí agogo rẹ?" Gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ọjọ́ kejì sì ni ọjà wa. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ará Ìtapàjí àti Ìrèlé, tí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ìkéde kankan, dé pẹ̀lú ẹrù wọn.

Ìyá mi ń lọ sí oko lọ́jọ́ náà. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí lé mi lórí, ó ní kí n mú àbúrò mi obìnrin dání, kí àwa méjèèjì tẹ̀ lé Yèyé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi nígbà náà. Yèyé yọ òwú rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ àbúrò mi. Nígbà tí ó kan tèmi, mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Mo ní, "Yèyé, mo ti dàgbà. Èmi kì í ṣe ewúrẹ́."

Ó ní, "Ó dára. Di ọwọ́ rẹ̀ mú." Òwú náà sì ń wọ́ nílẹ̀ láti ọwọ́ àbúrò mi títí a fi dé ọjà.

Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí nígbà tí ilẹ̀ mì. Gbàù! Kò pẹ́, gbàù kejì. Eruku funfun gòkè lẹ́yìn àwọn igi. Ọkùnrin arúgbó kan tó ń ta iṣu nàró, ó kígbe pé, "Wọ́n ti dé o!" Ẹnikẹ́ni kò bi í pé àwọn wo. Àwọn àgbà ìgbà náà mọ ohun tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ máa ń mú wá, àwa tí a kò mọ̀ sì rí ojú àwọn àgbà. Ọjà dìde. Mo rí i tí obìnrin kan ń fi ẹsẹ̀ gún ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò kalẹ̀. Mo rí ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó fo igbá èlùbọ́ kọjá, tí kò sì fo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo sá gba ọ̀nà Ìrèlé títí mo fi dé odò. Nígbà tí mo dàgbà, mo padà lọ ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: ẹgbẹ̀rin dín mẹ́rìnlá. Ní gbogbo ibi tí mo sá dé, mo di nǹkan mú gírígírí lọ́wọ́ òsì, ọkàn mi sì balẹ̀, mo ní àbúrò mi nìyí. Etí odò ni mo ti wo ọwọ́ mi. Òṣùká tí mo fi ru igbá ni mo dì mú.

Mo yí padà. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí gbá mi lápá mú. Ó ní, "Ṣé orí rẹ dàrú ni? Níbo lò ń lọ?"

"Àbúrò mi!"

"Mábojúwẹ̀yìn ti gbé gbogbo wa lónìí, ọmọ mi. Máa bọ̀!"

Mo já apá mi gbà. N kò mọ bí mo ṣe gba àárín àwọn tó ń sá bọ̀ kọjá. Ẹ sáà mọ̀ pé mo fi eyín kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọjà, kò sí ẹnikẹ́ni mọ́. Epo pupa ti dà sílẹ̀, ipa ẹsẹ̀ ènìyàn tó pupa lọ sí gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ewúrẹ́ kan ń jẹ èlùbọ́ pẹ̀lú sùúrù. Lábẹ́ igi ọdán, Yèyé jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé àbúrò mi lé itan, ó sì ti ká òwú náà mọ́ ìka rẹ̀ débi tí ìka náà fi wú. Àbúrò mi ń jẹ àkàrà tí ẹnì kan sá fi sílẹ̀. Yèyé kò tètè rí mi. Iwájú rẹ̀ gan-an, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ni ó tẹjú mọ́, tó ń sọ̀rọ̀: "O tún dé? O tún padà wá? Èyí kọ́. Èyí kọ́ lo máa mú lọ."

Mo wólẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Yèyé, mo sá."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Mábojúwẹ̀yìn ló gbé ọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin máa ń sọ pé ẹ sá."

Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ó ní nígbà ogun Tápà, òun tó bí mo ṣe tó yẹn, òun di ọwọ́ àbúrò òun ọkùnrin mú, wọ́n ń sá lọ sórí òkè. Ní ìsàlẹ̀ òkè, òun jọ̀wọ́ ọwọ́ náà kí òun lè fi ọwọ́ kejì mú un. Àárín ọwọ́ kan sí èkejì ni èrò gbé òun lọ. Òun kò wẹ̀yìn títí òun fi dé orí àpáta. Ó ní lónìí pàápàá, òun ti dìde, ẹsẹ̀ òun ti gbéra, kí òun tó tẹ òwú kan mọ́lẹ̀, tí òun sì mọ̀ pé òwú ọwọ́ òun ni.

Ó ní, "Ìwọ bojú wẹ̀yìn. Èmi ò bojú wẹ̀yìn. Nítorí náà, tìrẹ, òun ló gbé ọ. Tèmi, mo sá." Ó tú òwú kúrò ní ìka rẹ̀. "Jẹ́ kí a re ulé."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ìlú ń sọ ọ́ láti ojúlé dé ojúlé pé Mábojúwẹ̀yìn gbé àwọn. Akéde nìkan ni wọ́n bú. Ìyá mi wo eyín mi tó ti yọ, ó wo òwú tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi, kò sì bi mí ní nǹkan kan, títí ó fi kú.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀nà ọ̀dà ti gba ibi tí àpáta náà wà, mọ́tò ń sáré kọjá níbẹ̀. Lóde òní, bí ìpayà bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi, kí eruku tó rọlẹ̀ ni ẹnì kan ti fi fóònù ya àwòrán ẹni tó kọ́kọ́ sá, wọ́n á sì máa fi ṣe ẹ̀rín kiri. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n mo máa ń ro ìlú wa nígbà tí ogun Tápà kásẹ̀ nílẹ̀, tí olúkúlùkù sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí kálukú sì mọ ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ fi sílẹ̀. Báwo ni wọn ì bá ṣe tún máa bu omi nínú odò kan náà? Wọ́n wá ẹni tí yóò bá wọn ru ẹrù náà. Nígbà tí wọn kò rí i, wọ́n dá a.

Ọdún Kérésì tó kọjá ni mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Èyí tó kéré jù nínú wọn gbọ́ ọ tán, ó rò ó, ó ní, "Màmá, ẹsẹ̀ ta ni Mábojúwẹ̀yìn fi sá?"

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ti ń gbé lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí Yèyé fi bò mí lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ tèmi ni. Mo sá."

Àbúrò mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wa ìgò ojú rẹ̀ nínú àpò. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yẹn náà ló gbé ẹ̀gbọ́n mi padà wá. Ó sì fà mí dìde, kò jẹ́ kí n jẹ àkàrà mi tán."